Mọ́tò Àtijọ́ ní Òṣogbo: Ìbéèrè Táwọn Àlejò Máa Ń Bi Wá

Ọ̀rẹ́ ló ń mú èèyàn dé ìdí mọ́tò àtijọ́. Kò sẹ́ni tó kàn jí lọ́jọ́ kan tó ní òun fẹ́ ra Peugeot tí wọ́n ṣe nígbà tí bàbá òun ṣì jẹ́ àpọ́n. Ọ̀rẹ́ á ní kí ẹ bá òun kálọ lọ́sàn-án Sunday kan, ẹ ó bá àwọn àgbà lábẹ́ igi, bọ́nẹ́ẹ̀tì wà ní ṣíṣí, wọ́n ń jiyàn lórí kábúrétọ̀ bí ẹni ń jiyàn lórí ogún. Kó tó di àṣálẹ́, ẹ̀yin náà ti ní èrò tiyín nípa kábúrétọ̀.

Èmi ni wọ́n máa ń ní kí n dá àlejò lóhùn nínú ẹgbẹ́ wa, torí pé mo lẹ́nu. Ìbéèrè kan náà ló ń padà wá, ni mo ṣe kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀. Ibi tó bá ti jẹ́ èrò tèmi, màá sọ bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn kan wà nínú wa tí wọn ò ní gbà.

Mọ́tò wo gan-an lẹ ń pè ní mọ́tò àtijọ́? Ṣé Camry 1998 tèmi náà wà níbẹ̀?

Kò tíì tó àsìkò. Àjọ kan wà fún àwọn ẹlẹ́gbẹ́ mọ́tò àtijọ́ lágbàáyé, FIVA ni wọ́n ń pè é, ọdún 1966 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Lójú tiwọn, mọ́tò gbọ́dọ̀ pé ọgbọ̀n ọdún ó kéré tán, kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ bó ṣe wà látilẹ̀, kó má sì jẹ́ òun lẹ ń gbé jáde lójoojúmọ́. Camry yín á pé ọgbọ̀n ọdún ní 2028. Ẹ tọ́jú ẹ̀ dáadáa títí di ìgbà náà.

Èrò tèmi ni pé ọjọ́ orí nìkan ò tó. Mọ́tò tí wọ́n ti yọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, tí wọ́n fi iná mọ́tò mìíràn sí i lójú, tó ń kó gaàrí bọ̀ láti oko, ó gbó ni, ìyẹn ò tíì sọ ọ́ di tiwa. Àmọ́ tí ẹnìkan bá gbà á lọ́wọ́ aláàárù yẹn, tó bẹ̀rẹ̀ sí í dá a padà sípò, kí onítọ̀hún máa bọ̀. Àlejò wa nìyẹn.

Mi ò ní mọ́tò àtijọ́ kankan. Ṣé mo lè wá?

Ẹ̀yin gan-an là ń wá. Ẹni tó ti kọ́kọ́ ra mọ́tò kó tó wá bá wa, ó sábà máa ń jẹ́ pé a óò máa bá a kẹ́dùn ni. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wá, tó ń bá wa di tọ́ọ̀ṣì mú, tó ń bá wa ti mọ́tò tí kò fẹ́ ṣíná, tó ń gbọ́ bí àwọn àgbà ṣe ń fi etí lásán mọ ohun tó ń dun ẹ́ńjìnnì, ojú onítọ̀hún á ti là kí owó tó jáde lápò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí ọ̀rẹ́ tó mú yín wá fi yín hàn. Ẹ kí àwọn àgbà kí ẹ tó kí mọ́tò. Ẹ má fi ọwọ́ kan mọ́tò onímọ́tò láì tọrọ, ẹ má fọn fèrè rẹ̀ ṣeré, ẹ má sì bi bàbá kankan lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé eélòó lẹ máa tà á. Ìbéèrè yẹn máa ń bà wọ́n nínú jẹ́. Ẹ bi ọ̀rẹ́ yín tí ẹ bá ti kúrò níbẹ̀.

Kí lẹ máa ń ṣe tẹ́ ẹ bá pàdé?

Ọ̀rọ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀, iṣẹ́ tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ni oúnjẹ. Ẹnìkan á ní mọ́tò òun ń kọ́ tó bá dé Ọláìyá nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, gbogbo wa á sì kórí jọ lé e. Ẹni márùn-ún á sọ ohun márùn-ún, ọ̀kan nínú wọn á tọ̀nà. Èyí tó tọ̀nà kì í sábà jẹ́ ti ẹni tó ń pariwo jù.

Nígbà mìíràn a máa ń jáde lọ. Ọ̀nà Ìkìrun dé Òkukù dára fún mọ́tò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe, torí kò jìnnà, tí ó bá sì dákú, ẹ ò ní sùn sójú ọ̀nà. Tí ọkàn wa bá balẹ̀ díẹ̀ sí i, a ó gba Iléṣà lọ sí Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà níbi omi Olúmirìn, ibẹ̀ sì ni a ti máa ń mọ̀ bóyá òótọ́ ni ẹnìkan ṣe bíréèkì tàbí ó kàn sọ pé òun ṣe é. Mọ́tò tí kò lè sáré là ń fi síwájú. Àwọn tó ní Mẹ̀sí ò fẹ́ràn òfin yìí rárá, ṣùgbọ́n òun ni kì í jẹ́ ká sọ ẹnikẹ́ni nù sẹ́yìn.

Ìgbéyàwó náà wà ńbẹ̀. Gbogbo ọmọge Òṣogbo tó mọ̀ wá ló fẹ́ kí Ìjàpá (Volkswagen Beetle) gbé òun dé ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ibi yìgì. A kì í kọ̀, ṣùgbọ́n méjì là máa ń gbé lọ, kí ìkejì lè gbé ìyàwó tí èkíní bá ṣe bó ṣe máa ń ṣe.

Kí ló dé tó jẹ́ pé Peugeot 504 àti Ìjàpá ló pọ̀ jù láàárín yín?

Ọdún 1975 ni kí ẹ bi. Ọdún yẹn ni ilé iṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò, ọdún yẹn náà ni ti Volkswagen bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Ọdún kan náà ni owó Udoji, ìyẹn àfikún owó oṣù, bọ́ sọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, àjẹẹ́lẹ̀ oṣù mélòó kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Tíṣà, akọ̀wé, nọ́ọ̀sì, àwọn tí kò lálàá mọ́tò rí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ra ọkọ̀. Mọ́tò tí wọ́n ń tò nílé náà ló wà ní àrọ́wọ́tó. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ mọ́tò tó ń dé ọ̀dọ̀ wa fi jẹ́ pé ẹ̀yìnkùlé bàbá tíṣà kan ni wọ́n ti wá.

504 fúnra rẹ̀ jáde ní ilẹ̀ Faransé ní 1968, wọ́n sì fún un ní oyè mọ́tò tó dára jù lọ́dún ní Yúróòpù ní 1969. Ohun tó mú un tó ojú ọ̀nà wa kì í ṣe oyè yẹn. Ìdíje Safari ní Ìlà Oòrùn Áfíríkà, tí wọ́n ń gba inú ẹrẹ̀ àti eruku kọjá, Peugeot 404 gbà á ní 1963, ó tún gbà á ní 1966, 1967 àti 1968. 504 gbà á ní 1975 àti 1978. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ga, sípíríǹgì rẹ̀ gùn, ó ń gbé kòtò mì. Èyí tó ní ìlà ìjókòó mẹ́ta ló sọ ara rẹ̀ di tákísí jákèjádò Nàìjíríà, èrò méje pẹ̀lú ẹrù lórí. Àwọn tó ti wọ̀ ọ́ láti Òṣogbo lọ sí Èkó, tí wọ́n há mọ́ ìlà ẹ̀yìn pátápátá, orúnkún wọn ò tíì gbàgbé. Faransé dáwọ́ síṣe sálúùnù rẹ̀ dúró ní 1983, Kàdúná ń tò ó lọ ní tiwọn títí wọnú ọdún 2000 sókè.

Ìjàpá pẹ́ jù ú lọ. Ní 1938 ni iṣẹ́ ọwọ́ Ferdinand Porsche yìí ti délẹ̀, ní ọjọ́ 30 oṣù July 2003 ni wọ́n ṣe èyí tó kẹ́yìn ní Puebla ní Mẹ́síkò, iye tí wọ́n ṣe lápapọ̀ sì jẹ́ 21,529,464. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, afẹ́fẹ́ ló ń tù ú, kò ní rẹ́díétọ̀ rárá. Ẹ ó tún rí Igala lọ́dọ̀ wa nígbà mìíràn: mọ́tò tí wọ́n ń pè ní Brasília ní Bùràsíìlì ni, orúkọ tí Volkswagen fún un ní Nàìjíríà nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ni SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí ìjọba gbé kalẹ̀, dé ní 1986, náírà já wálẹ̀, mọ́tò tuntun wọ́n kọjá agbára òṣìṣẹ́. Tòkunbọ̀ gba òde. Ẹni tó ní 504 tẹ́lẹ̀ kò rí òmíràn rà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún tiẹ̀ ṣe léraléra. Àìlówó yẹn ló tọ́jú wọn dè wá.

Kí ló fà á tí sítíárì mọ́tò kan lọ́dọ̀ yín fi wà lápá ọ̀tún?

Ọwọ́ òsì la ń gbà ní Nàìjíríà títí di April 2, 1972. Bó ṣe wà lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló wà lọ́dọ̀ wa, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ ọ̀tún ni gbogbo àwọn tó yí wa ká ń gbà. Morris Minor tẹ́ ẹ rí yẹn ti wà kó tó di ọjọ́ náà. Ẹ ò lè fi yà sílẹ̀ lẹ́yìn tírélà bí kò bá sí ẹni tó jókòó lápá òsì tó ń bá yín wo iwájú, kẹ́ ẹ sì mú ẹni tí kì í purọ́.

Mo fẹ́ ra tèmi. Kí ni kí n kọ́kọ́ wò?

Irin ara rẹ̀. Gbogbo ẹni tó ń bọ̀ ló ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n á ní kí wọ́n ṣíná, wọ́n á fetí sí i, inú wọn á dùn. Ẹ́ńjìnnì kì í ṣe ìṣòro. Wọ́n lè tún ẹ́ńjìnnì 504 ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ìpẹtà ni kó bà yín lẹ́rù, torí iṣẹ́ wẹ́dà àti panẹbítà kì í tán, owó wọn náà kì í tán.

Nítorí náà ẹ dùbúlẹ̀, ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì sókè. Tó bá jẹ́ Ìjàpá ni, ẹ gbé ìjókòó ẹ̀yìn, abẹ́ ibẹ̀ lápá ọ̀tún ni bátìrì máa ń wà, ásíìdì rẹ̀ sì máa ń jẹ ilẹ̀ ibẹ̀ títí ẹ ó fi máa rí títì láti inú mọ́tò. Kí ẹ sì rí i pé nǹkan bo orí bátìrì náà, nítorí irin sípíríǹgì ìjókòó lè kàn án tí ẹni tó sanra bá jókòó, iná á sì ràn. Ẹ mú òòfà kékeré dání, ẹ máa fi kan ara ìlẹ̀kùn àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ibi tí òòfà ò bá ti lẹ̀, pọ́tì ni wọ́n fi dí i, ọ̀dà ló bò ó.

Ẹ bẹ ẹni tó ń tà á pé kó má ṣíná kí ẹ tó dé. Mọ́tò tó ti gbóná máa ń fi àbùkù pamọ́. Kó ṣíná lójú yín, kí ẹ sì dúró lẹ́yìn rẹ̀ wo èéfín. Tó bá ní àwọ̀ aró, ó ń jó ọ́ìlì. Tó bá dúdú, bẹntiróòlù ló ń mu jù, ìyẹn rọrùn. Tó bá funfun tí kò dáwọ́ dúró, tí omi rẹ́díétọ̀ sì ń lọ láìsí ibi tó ń jò, orí ẹ́ńjìnnì ni wọ́n máa tú.

Ẹni tó bá bi mí, 504 tàbí Ìjàpá ni mo máa ń sọ pé kí olùbẹ̀rẹ̀ rà. Mẹ̀sí 123 tó jáde ní 1976, mọ́tò gidi ni, kò sí àríyànjiyàn, ṣùgbọ́n tí ohun kékeré kan bá bàjẹ́ lára rẹ̀, ẹ ó sanwó tí ẹ ó fi ra ìdajì Ìjàpá.

Ṣé ẹ ń rí páàtì? Ta ló ń bá yín tún un ṣe?

Páàtì ń bẹ. Ẹ ó rí díẹ̀ ní Gate ní Ìbàdàn, ẹ ó rí púpọ̀ ní Ládìpọ̀ ní Èkó, èyí tí ẹ ò bá sì rí, ẹ gbé èyí tó bàjẹ́ lọ bá àwọn tó ń fi ẹ̀rọ lọ irin, wọ́n á ṣe irú rẹ̀. Kì í ṣe páàtì ló ń dààmú wa.

Ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe ló ń tán. Mẹkáníìkì tó jẹ́ ọ̀dọ́ lónìí, kọ̀ǹpútà ló fi ń bi mọ́tò léèrè pé kí ló ń ṣe ọ́. 504 ò níbi tí wọ́n ń ki wáyà kọ̀ǹpútà bọ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ ni. Ẹni tó bá mọ Ìjàpá, ó mọ̀ pé ojú kọ́ńtáàkì rẹ̀ gbọ́dọ̀ là ní 0.4 mm, ó mọ̀ pé ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù pátápátá ni wọ́n ń ṣe fáàfù rẹ̀, ó mọ̀ pé lítà méjì ààbọ̀ ọ́ìlì péré ló ń gbà, pé sẹ́ẹ́ lásán ló ń sẹ́ ọ́ìlì náà, ẹni tí kò bá pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ lásìkò, ó ń pa á ni. Ẹni tó bá mọ 504, ó mọ̀ pé àgbá tí písítìnì ń rìn nínú rẹ̀ ṣe é yọ bọ́ síta, kí wọ́n fi tuntun sí i, láìgbé ẹ́ńjìnnì lọ síbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ẹ. Àwọn baba tó mọ èyí ti di arúgbó. Ojú ń ṣe wọ́n, ẹ̀yìn ń dùn wọ́n, ọmọṣẹ́ tí wọ́n ní sì ti lọ gun ọ̀kadà.

Nítorí náà, tí ẹ bá bi mí kí ni ẹgbẹ́ yìí wà fún, màá sọ pé kí àwọn baba yẹn lè rí ẹni tí wọ́n máa fi iṣẹ́ hàn ni. Tí bàbá kan bá ń ṣe mọ́tò ẹnìkan lọ́dọ̀ wa, ẹni mẹ́ta ló ń dúró tì í, ọ̀kan ń di sípánà mú, ọ̀kan ń fi fóònù gbà á sílẹ̀, ọ̀kan ń béèrè ìdí. Bàbá á bínú sí ẹni tó ń béèrè. Kó má dákẹ́. Ẹ san owó wọn pé, ẹ má bá wọn ná an bí ẹni ń ra tòmátì ní Ọjà-Ọba, kí ẹ sì wá oúnjẹ fún wọn.

Bẹntiróòlù òde òní kò ní ba ẹ́ńjìnnì àtijọ́ jẹ́?

Òjé wà nínú epo tẹ́lẹ̀, ó ń ṣe àmúró fún ibi tí fáàfù ń jókòó sí. Nígbà tí wọ́n yọ òjé kúrò, tó sì dára fún ọpọlọ ọmọ wa pé wọ́n yọ ọ́, àwọn ẹ́ńjìnnì tí orí wọn jẹ́ irin dúdú, bíi ti Morris Minor, bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀, pàápàá tí wọ́n bá ń sá eré púpọ̀. Orí ẹ́ńjìnnì 504 àti Ìjàpá kì í ṣe irin dúdú, wọ́n ti fi òrùka líle sí abẹ́ fáàfù wọn látilẹ̀, ẹ fọkàn balẹ̀.

Epo tó pẹ́ nínú táǹkì ló ń ṣe wọ́n ní jàǹbá jù. Mọ́tò tó bá dúró fún oṣù púpọ̀, epo rẹ̀ á di gọ́ọ̀mù, á dí ihò kábúrétọ̀. Ẹ máa ṣíná, kí ẹ sì gbé e jáde dé Ìgbọ̀nà kí ẹ padà, kó kàn máa rìn.

Tèmi máa ń kú lọ́sàn-án gangan, tí mo bá dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, á tún ṣíná. Kí ló ń ṣe é?

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ooru ti sọ epo di afẹ́fẹ́ nínú páìpù kó tó dé kábúrétọ̀, pọ́ńpù ò wá rí nǹkan fà mọ́. Àwọn awakọ̀ tákísí àtijọ́ a máa rẹ àkísà sínú omi, wọ́n á fi lé orí pọ́ńpù, wọ́n á fi àsìkò yẹn ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ jẹ. Ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà kí ẹ gbé páìpù náà jìnnà sí ibi tó ń gbóná.

Fún onÍjàpá, ìkìlọ̀ kan: tí iná pupa bátìrì bá tàn lójú ọ̀nà, ẹ dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bẹ́lìtì tó ń yí ẹ̀rọ iná ló ń yí fáànù tó ń tu ẹ́ńjìnnì. Tó bá já, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló kù.

Ṣé mo lè máa gbé e lọ síbi iṣẹ́ ní Abéèrè lójoojúmọ́?

Ẹ lè gbé e. Èmi ò ní gbé e. Bíréèkì rẹ̀ kì í gbá bíi ti mọ́tò tuntun, kò sí báàgì tó ń wú jáde tí ẹ bá forí sọ, ẹni tó wà níwájú yín nínú Corolla tuntun ò sì mọ̀ pé ẹ nílò àyè. Ẹ so bẹ́lìtì ìjókòó sí i tí kò bá ní. Ẹ ka nọ́ńbà mẹ́rin tó wà lára táyà: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Táyà mọ́tò tó ń jókòó sílé lè máa dán kó sì ti gbó.

Ìwé ọkọ̀ ńkọ́?

Bíi ti mọ́tò gbogbo ni: ìwé pé ẹ̀yin lẹ ni ín, láísẹ́ǹsì, ìwé àyẹ̀wò pé ó yẹ lójú pópó, ìnṣọ́ránsì. Nọ́ńbà OY tó wà lára rẹ̀ láti ìgbà tí Òṣogbo ṣì wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, kó tó di 1991, ó dára láti gbé kọ́ ara ògiri. Kì í ṣe òun lẹ máa gbé ko ọlọ́pàá. Tí ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ bá ti kú, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ fọwọ́ sí i kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Ọmọ kan tó wà ní ìlú òyìnbó lè dé ní Kérésìmesì kó ní mọ́tò bàbá òun dà.

Ìyàwó mi ní n ò gbọ́dọ̀ gbé irin jíjẹrà wọlé.

Ohun tó wu ni ló ń pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni, ṣùgbọ́n ẹ má fi òwe yẹn dá a lóhùn. Ẹ mú un wá ní Sunday kan. Àwọn ìyàwó tó wá nígbà kan ló ń bi ọkọ wọn báyìí pé ìgbà wo ni wọ́n tún ń jáde.

Ṣé obìnrin lè wọ ẹgbẹ́?

Obìnrin ló kọ́kọ́ wa mọ́tò lọ sọ́nà jíjìn láyé. Ní August 1888, Bertha Benz gbé mọ́tò tí ọkọ rẹ̀ ṣe láìsọ fún un, òun àtàwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjì, láti Mannheim lọ sí Pforzheim ní Jámánì, ó lé ní ọgọ́rùn-ún kìlómítà. Páìpù epo dí, ó fi abẹ́rẹ́ fìlà rẹ̀ tú u. Epo tán, ilé olóògùn ní Wiesloch ló ti ra òmíràn. Bàbá wo nínú wa ló ti ṣe tó bẹ́ẹ̀?

Kí ni kí n mú dání tí mo bá ń bọ̀?

Aṣọ tí ẹ ò ní sunkún lé lórí tí ọ́ìlì bá ta sí i, àti omi tútù tí ó pọ̀ ju tiyín lọ. Lẹ́yìn aago mẹ́rin là ń bẹ̀rẹ̀, oòrùn á ti rọlẹ̀ díẹ̀. Tí òjò bá ṣú, ẹ pe ọ̀rẹ́ yín kí ẹ tó jáde, torí ìdajì nínú wa ni wáípà wọn kì í ṣiṣẹ́, àwọn yòókù á sì sọ pé tiwọn ń ṣiṣẹ́ ṣùgbọ́n àwọn ò kàn fẹ́ kí mọ́tò tutù.